Ọ̀pẹ̀yìnbó Tútù àti Púdìn tí Kò Dì: Ẹ̀kọ́ tí Mo Kọ́

Ní oṣù tó kọjá ni ó pé ọdún 15 tí mo ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ oúnjẹ sísè ní Abẹ́òkúta. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbèrò láti kọ ẹ̀kọ́ márùn-ún sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn, lórí púdìn tí ènìyàn lè fi owó kékeré sè fún ìdílé rẹ̀. Ǹ bá tún fi falẹ̀, bí kò bá ṣe ohun tí mo bá lórí tábìlì ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá: ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi gé ọ̀pẹ̀yìnbó tútù sínú mílíìkì àti ẹyin tí ó ti pò pọ̀, ó dé e lórí, ó sì fẹ́ gbé e pamọ́ di ọjọ́ kejì. Mo kígbe mọ́ ọn ju bí ó ti yẹ lọ, nítorí pé ara mi ti ọdún 2004 ni mo rí tí ó dúró níwájú mi.

N kò ní kọ́ yín bí a ṣe ń lu ẹyin, tàbí bí a ṣe ń fi bọ́tà ra inú páànù. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ni pé búrẹ́dì àná ni ó dára jù fún púdìn. Búrẹ́dì tútù yóò rọ̀ bí ẹ̀kọ mímu ní kété tí mílíìkì bá kàn án, ṣùgbọ́n èyí tí ó ti gbẹ yóò mu ún díẹ̀díẹ̀, yóò sì dúró lórí ara rẹ̀. Gbígbẹ ni mo wí o. Èyí tí ó bá ti bu, ẹ má ṣe ha ojú rẹ̀ nù kí ẹ lo ìyókù, ẹ gbé gbogbo rẹ̀ sọnù.

Ẹ̀kọ́ kejì jẹ́ ti iná. Ẹyin 3 tó fún ìdajì lítà mílíìkì, mílíìkì oníyẹ̀fun tí a fi omi pò sì ṣe é lò dáadáa. Ẹyin àti mílíìkì kò nílò láti hó kí wọ́n tó dì, nítorí pé bí ooru wọn bá ti súnmọ́ 80°C ni wọ́n ti ń dì. Bí ẹ bá jẹ́ kí ó kọjá bẹ́ẹ̀ púpọ̀, ẹyin yóò sún kì, omi yóò sì ya kúrò lára rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń gbé páànù náà sínú ìkòkò tí omi wà nínú rẹ̀ dé ìdajì, lórí iná tí kò le. Ẹni tí kò ní ófùn kò pàdánù ohunkóhun, ìkòkò mọ́ínmọ́ín rẹ̀ ti tó. Kí ó ṣáà rántí fi ewé tàbí fọ́ìlì bo ojú páànù, kí omi ooru má baà máa kán sí i.

Ẹ̀kọ́ kẹta ni ti èso, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gan-an wà.

Ọ̀gá tí mo kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ kì í lo ọ̀pẹ̀yìnbó mìíràn sínú púdìn ju ti inú agolo lọ. Mo bi í ní ọjọ́ kan pé kí ló dé tí a kì í lo tútù, nígbà tí ó kún ọjà Kútọ̀ fọ́fọ́ tí owó rẹ̀ kò sì tó ti agolo. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Ṣé o ti fẹ́ gbọ́n jù mí lọ ni?" Mo dákẹ́. Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá òun fúnra rẹ̀ mọ ìdí rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé lẹ́yìn Àjíǹde ọdún 2004, nígbà tí mo ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun, mo fi ọwọ́ sọ̀yà fún àwọn ará ilé ọkọ mi ní Aké pé èmi ni n óò sè ohun dídùn tí gbogbo ilé yóò jẹ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Mo ra ọ̀pẹ̀yìnbó ńlá 3 ní Kútọ̀, inú mi sì dùn pé mo ti gbọ́n ju ọ̀gá mi lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni mo ti gé wọn sínú mílíìkì, ẹyin àti búrẹ́dì, mo sì gbé e sínú kúlà tí yìnyín wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mílíìkì náà ti dì ní kókó-kókó, omi rẹ̀ sì ti ya sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n mo sọ fún ara mi pé iná yóò tún un ṣe. Mo sè é fún wákàtí kan, kò dì. Mo fi ìdajì wákàtí kún un, kò dì. Mo po kọ́sítádì sí i, ó wá ki lójú, ṣùgbọ́n n kò tọ́ ọ wò, ìtìjú kò sì jẹ́ kí n sọ pé kò sí mọ́. Mo bù ú fún wọn.

Àwọn ọmọdé ni wọ́n kọ́kọ́ tu tiwọn sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin gbé ṣíbí sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ní, "Ìyàwó wa, ṣé ewúro lo fi sí i ni?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ìyá ọkọ mi nìkan ni ó jẹ tirẹ̀ tán, tí ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi," àánú tí ó wà nínú ohùn rẹ̀ sì dùn mí ju ẹ̀rín àwọn yòókù lọ. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Ìyàwó Eléwúro, n kò sì lè sọ pé ó ti tán nínú mi.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà ni ẹran màlúù arúgbó kan wà lórí iná mi tí kò fẹ́ rọ̀, ìyá àgbà kan sì ní kí n gé ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n sí i. Kò pẹ́ rárá tí ẹran náà fi rọ̀, ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Ohun kan wà nínú ọ̀pẹ̀yìnbó tútù tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní bromelain, irú rẹ̀ tí ó wà nínú ìbẹ́pẹ sì ń jẹ́ papain. Iṣẹ́ wọn ni láti máa já èròjà purotéènì sí wẹ́wẹ́. Purotéènì ni ó ń mú kí ẹyin dì, òun náà ni ó pọ̀ nínú mílíìkì, nígbà tí a bá sì já a báyìí tán, ó máa ń korò. Ohun tí ó ń rọ ẹran kò lè jẹ́ kí ẹyin dì. Ṣùgbọ́n iná ń pa agbára rẹ̀: ọ̀pẹ̀yìnbó inú agolo ti kọjá nínú iná kí ó tó dé ọwọ́ wa. Bí ẹ bá fẹ́ lo tútù, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ fi ṣúgà díẹ̀ sí i, ẹ jẹ́ kí ó hó nínú omi ara rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, kí ó sì tutù kí ẹ tó dà á sínú ẹyin. Bákan náà ni kí ẹ ṣe fún ìbẹ́pẹ àti atalẹ̀ tútù.

Ọ̀rọ̀ kan péré ni gbogbo èyí, ọ̀gá mi ì bá sì sọ ọ́ fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ó di ọ̀gá lọ́la, bí ọmọ bá bi yín ní ìdí tí ẹ kò sì mọ̀ ọ́n, ẹ sọ fún un pé ẹ kò mọ̀, kí ẹ jọ wá a. Ẹ̀kọ́ kẹrin àti ìkarùn-ún ti bọ́ lọ́wọ́ mi báyìí, ẹ fojú fò ó.

Èyí tí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi ti pò ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, n kò jẹ́ kí ó dà á nù. Mo ní kí ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ó po òmíràn tí a ti se ọ̀pẹ̀yìnbó tirẹ̀, kí ó sì sè méjèèjì ní òwúrọ̀. Ó tọ́ ti àkọ́kọ́ wò, ó sáré lọ tu ú síta. Ìkejì dì dáadáa, mo sì bù nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní Aké. Ó pè mí ní alẹ́ ọjọ́ náà pé ó dùn, ó ní ṣùgbọ́n kí n wá jẹ́wọ́, ewúro mélòó ni mo fi sí ti ọdún yẹn?