Eléyìí kọ́ ló máa rà á

Mo ti délé tipẹ́. Mo wẹ̀, mo jẹun, mo tún jókòó nu bàtà tí kò dọ̀tí rárá. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò létí mi. Ẹ jẹ́ n kọ ọ́ sílẹ̀, bóyá oorun á lè kùn mí.

Abẹ́ ọkọ̀ ni mo wà nígbà tí wọ́n sọ ọ́. Mo dùbúlẹ̀ gbalaja lórí páálí, mò ń tan tọ́ọ̀ṣì sí ibi tí jíà ti ń pín agbára lọ sí táyà ẹ̀yìn, bàbá tó ni ọkọ̀ sì ń dá ẹnì kan lóhùn lórí fóònù. Ẹsẹ̀ wọn nìkan ni mò ń rí. Wọ́n ní, "Ó ṣì wà ńbẹ̀, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Rárá o. Eléyìí kọ́ ló máa rà á."

Wọn ò fi ìbínú sọ ọ́. Wọn ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n kàn sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò ò ní rọ̀ lónìí, wọ́n sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Èmi wà nílẹ̀ níbẹ̀, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, mi ò mọ̀ bóyá kí n jáde ni àbí kí n ṣì dúró díẹ̀ kí wọ́n má baà mọ̀ pé mo gbọ́. Mo dúró. Mo tẹjú mọ́ síìlì kan náà, rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́nú, èyí tí kò jò, títí ọrùn fi ń dùn mí.

Kí ni wọ́n rí lára mi gan-an?

Volvo V70 R ni, wagon tí ibi ẹrù ẹ̀ tóbi, tó sì tún ń sáré. Bẹ́ẹ̀ ni, a tún ti bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé lẹ́yìn aláwọ̀ eérú tí mo yẹ̀ wò tí mi ò rà, mo ní mi ò ní lọ wo òmíràn mọ́, ẹ má wulẹ̀ rán mi létí. Ṣùgbọ́n jíà ọlọ́wọ́ lèyí, onípele mẹ́fà, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ti ń lò ó láti ìgbà tó ti jáde ní iléeṣẹ́. Ta ló máa gbọ́ irú ẹ̀ tí kò ní lọ wò ó?

Lọ wò ó, mo ní. Mi ò kọ "lọ rà á".

Ẹ̀gbọ́n mi ló gbé mi lọ. Nígbà tí à ń bọ̀, mo sọ ohun tí mo gbọ́ fún wọn, mo rò pé wọ́n á bínú sí bàbá náà nítorí mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n wá ní, "Ṣé wọ́n purọ́ ni?" Mi ò sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi délé.

Bóyá ìbọ̀wọ́ ló fà á. Mo gbé ìbọ̀wọ́ rọ́bà dání, irú èyí tó fẹ́lẹ́ yẹn. Ẹni tó bá mọ ẹ́ńjìnnì onísílíńdà márùn-ún Volvo á ti mọ ìdí ẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó bá yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ pístìn kọjá gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde. Ó ní àpótí kékeré kan tó ń já ọ́ìlì kúrò nínú afẹ́fẹ́ yẹn. Bí ibẹ̀ bá dí, afẹ́fẹ́ tó há mọ́ inú ẹ́ńjìnnì á bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọ́ìlì gba ojú síìlì jáde, níbi tí èèyàn ò ti ní tètè rí i, owó àtúnṣe ẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Torí náà, tan ẹ́ńjìnnì, jẹ́ kó gbóná dáadáa, ṣí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, fi ìbọ̀wọ́ dé e lórí. Bó bá wú, tó na ìka márààrún sókè, kí ẹ máa lọ sílé yín. Tiwọn ò wú. Ó fà. Ìka kọ̀ọ̀kan ń wọ inú ihò lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àtàǹpàkò ló kẹ́yìn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́. Bàbá wo ìbọ̀wọ́, wọ́n wò mí, wọn ò sọ nǹkan kan. Ó lè jẹ́ pé ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n ti parí èrò wọn lórí mi.

Ìyẹn ló ń dùn mí. Ṣé ẹni tó máa rà á kì í yẹ ọkọ̀ wò ni? Ṣé ẹni tó bá kàn ta ẹsẹ̀ sí táyà, tó béèrè bóyá ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́, òun ni òǹrà? Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe láàárín 2003 sí 2007 rèé o, ogbó ti dé sí gbogbo rọ́bà ara ẹ̀. Ẹni tí kò bá yẹ̀ ẹ́ wò ló yẹ kí wọ́n máa fura sí.

Ṣùgbọ́n mo rántí pé mo yẹ ti aláwọ̀ eérú wò bákan náà. Àti ti aláwọ̀ búlúù. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Wọ́n jẹ́ kí n wà á. Kí n sọ òótọ́, mo gbàgbé ọ̀rọ̀ náà fún ìgbà díẹ̀. Ohùn sílíńdà márùn-ún yàtọ̀, ó máa ń kùn lábẹ́lẹ̀ kí tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ kún ẹ́ńjìnnì, tó dé, tó bá sì dé, ẹ máa mọ̀ ọ́n lẹ́yìn yín. Agbára ẹṣin 300. Láti ìdúró dé kìlómítà 100 láàárín wákàtí kan, ìṣẹ́jú-àáyá 5.9 ló ń gbà á, pẹ̀lú búùtù tí èèyàn lè dùbúlẹ̀ sùn sí. Bọ́tìnnì mẹ́ta ló wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù fún bí ṣọ́kù ọkọ̀ á ṣe le tó: Comfort, Sport, Advanced. Volvo ní kọ̀ǹpútà ibẹ̀ ń wo bí ọkọ̀ ṣe ń rìn ní ìgbà 500 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Mo tẹ Advanced. Gbogbo òkúta ojú títì ló kí mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo yára tẹ Comfort padà. Nígbà tí mo fẹ́ yí ọkọ̀ padà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ síwá sẹ́yìn, torí bí táyà ẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, sítíárìn ẹ̀ kì í yí tó. Mo fẹ́ràn ìyẹn pẹ̀lú. Kí ni mi ò fẹ́ràn lára ẹ̀?

Táyà. Méjì iwájú tuntun, méjì ẹ̀yìn ti jẹ. Ọkọ̀ tó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà ò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Bẹ́líìtì tí ń yí fáàfù náà wà ńbẹ̀: wọ́n ní àwọn ti pààrọ̀ ẹ̀, wọn ò rí ìwé ẹ̀. Bí bẹ́líìtì yẹn bá já lórí eré, pístìn á pàdé fáàfù, ó parí nìyẹn. Mo ní, "Ẹ jẹ́ n rò ó wò, sà." Wọ́n ní, "Ó dáa." Ó dáa lásán! Wọn ò dúnàádúrà, wọn ò sọ pé ẹnì kan mìíràn ń bọ̀ lọ́la, irọ́ tí gbogbo ẹni tó ń ta ọkọ̀ máa ń pa. Èmi ò yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń purọ́ fún.

Owó ń bẹ. Mo sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé owó ni. Ó ti wà nílẹ̀ látọjọ́ yìí, ẹ̀gbọ́n mi ló sì ń béèrè ohun tí mo fẹ́ fi ṣe...

Irú ọkọ̀ yìí, ẹni tí kò sí ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tó fẹ́ eré á ra kúpé onílẹ̀kùn méjì. Ẹni tó fẹ́ ibi ẹrù á ra wagon tó ń lo dísù, tàbí jíìpù. Àwọn tó fẹ́ méjèèjì pa pọ̀ ò pọ̀, ìyẹn ni iléeṣẹ́ ò ṣe ń ṣe é púpọ̀. RS2, wagon eléré tí Audi àti Porsche jọ ṣe ní 1994 àti 1995, 2,891 péré ni gbogbo ẹ̀. M5 Touring àkọ́kọ́, wagon eléré ti BMW, 891. Àwọn díẹ̀ tí wọ́n rà náà ò sinmi: ajá ha ìjókòó ẹ̀yìn, wọ́n fi fa ọkọ̀ ojú omi, ọmọ tó jogún ẹ̀ wá lọ fún tọ́bò lágbára kún agbára títí nǹkan fi bẹ́. Èyí tó kù tó ṣì gún, ọwọ́ àwọn bàbá bí irú tòní ló wà.

Mo ń rántí 1994, nígbà tí Volvo gbé 850 wagon wọ BTCC, ìdíje eré ọkọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Rickard Rydell àti Jan Lammers ló ń wà á. Gbogbo ayé fi wọ́n rẹ́rìn-ín, títí wọ́n fi lọ gbé ajá àfọwọ́ṣe ńlá kan sẹ́yìn ọkọ̀ nígbà tí wọ́n ń yí pápá ká fún àwọn òǹwòran. Wọn ò borí eré kankan pẹ̀lú ẹ̀, ọdún tó tẹ̀ lé e wọ́n gbé sàlúùnù wá. Àwọn tó dúró létí pápá lọ́jọ́ náà, ìran ni wọ́n wá wò. Kò sẹ́ni tó lè tọ́ka sí ọ̀kan nínú wọn kó ní eléyìí ló máa rà á. Síbẹ̀ àwọn kan nínú wọn rà á, bó pẹ́ bó yá. Àbí báwo ni mo ṣe máa mọ̀? Ara mi ni mò ń tù nínú.

Nǹkan kan tún wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mò ń nu bàtà yẹn. Ta ló wà lórí fóònù? Ó lè jẹ́ ọmọ wọn, tó ti ń yọ wọ́n lẹ́nu pé kí wọ́n ta ọkọ̀ náà. Nígbà tí mo ti búùtù pa, wọ́n tún ṣí i, wọ́n tún un tì bó ṣe yẹ, wọ́n fi apá aṣọ nu ojú gíláàsì níbi tí ọwọ́ mi kàn. "Rárá o" tí wọ́n sọ yẹn, tí mo bá gbọ́ ọ dáadáa, ó jọ pé ara tù wọ́n. Bóyá wọn ò tàbùkù mi. Bóyá wọ́n ń gbàdúrà ni.

Àmọ́ bó bá jẹ́ àdúrà, ó burú jù! Ìyẹn ni pé èmi ni àdúrà wọn gbà lé lórí.

Mo ti kọ̀wé sí wọn, kí n tó bẹ̀rẹ̀ èyí. Mi ò dárúkọ owó. Ìwé bẹ́líìtì nìkan ni mo béèrè, mo sì sọ fún wọn pé èmi ni màá ra táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èsì ti dé báyìí. Wọ́n ní àwọn máa wá a, ṣùgbọ́n ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí àwọn tó ráyè. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀! Ìwé ẹyọ kan! Àárọ̀ Mọ́ńdè ni màá pè wọ́n, mi ò ní dúró de àtẹ̀jíṣẹ́.