Ẹ Bèèrè Bí Ojú Ọjọ́ Ibẹ̀ Ṣe Rí

Nígbà tí mo gba lẹ́tà ìgbàwọlé fún másítà kẹ́mísírì ní Amẹ́ríkà, mo bi bọ̀dá mi léèrè bóyá òtútù ìlú náà kò ní pọ̀ jù fún mi. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, “Ṣé oòrùn lo fẹ́ lọ kà níbẹ̀ ni?” Ojú tì mí, n kò sì bi ẹnikẹ́ni mọ́. Bí mo ṣe di ará àríwá Minnesota nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kìíní, mo dúró ní ibùdókọ̀, irun imú mi gan paali. Omi tó ń dà lójú mi ti di yìnyín lára ìpéǹpéjú. Òtútù ti wálẹ̀ dé -30. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́, òtútù ní ẹ̀wù tirẹ̀. Òkùnkùn ló bá mi jà. Ní oṣù Kejìlá, kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù, ilẹ̀ ti ṣú. Mo ń wọ láàbù kí ojúmọ́ tó mọ́ dáadáa, alẹ́ ni mò ń jáde. Mo ń sùn, oorun kì í tó mi. Mo á ro àmàlà tán, n kò ní lè jẹ ẹ́. Mo ti gbà pé ọ̀lẹ ni mí, kí dókítà tó ṣàlàyé pé àìrí oòrùn nígbà òtútù máa ń kó irú ìrẹ̀wẹ̀sì bẹ́ẹ̀ bá àwọn kan. Ó ní kí n ra iná funfun kan tó mọ́lẹ̀ gan-an, kí n máa jókòó síwájú rẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láràárọ̀. Ó ràn mí lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbi òtútù lọ́wọ́lọ́wọ́, tó bá ń ṣe yín bẹ́ẹ̀, ẹ tètè lọ rí dókítà. Ẹ jọ̀ọ́.

Nígbà tó kan PhD, mo la ẹnu mi, mo ní ibi tí oòrùn wà ni mo fẹ́. San Diego ni mo lọ, ní California. Kẹ́mísírì omi òkun ni mò ń ṣe, mo sì wá rí i pé ojú ọjọ́ wà nínú iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ní Scripps, ilé ìwádìí òkun tó wà létí òkun ní La Jolla ní San Diego, láti ọdún 1916 ni wọ́n ti ń wọn bí omi òkun ṣe gbóná sí lójoojúmọ́ lórí afárá tó wọnú òkun. Kò sí oṣù tí èèyàn kò lè lọ bu omi. Ní Minnesota, adágún tí mo fẹ́ bu omi rẹ̀ á ti di òkúta yìnyín fún oṣù mélòó kan. Nítorí náà, ẹ wo iṣẹ́ yín kí ẹ tó wo ara yín. Àwọn tó ń wo ìràwọ̀ ní Hawaii ń bá òtútù jà lórí òkè Mauna Kea, tó ga tó nǹkan bí mítà 4,200, etíkun tó móoru sì wà nísàlẹ̀ níbẹ̀. Tucson ní Arizona dára nígbà ọyẹ́, àmọ́ oòrùn oṣù Kẹfà ibẹ̀ ń jóni lára. San Diego tiwa náà, ní oṣù Karùn-ún àti Ìkẹfà, kùrukùru òkun lè bo ojú ọ̀run títí di ọ̀sán.

Ohun tí n kò bèèrè ni owó ilé. Lóòótọ́, ní PhD sáyẹ́ǹsì lọ́hùn-ún, ilé ẹ̀kọ́ ló sábà máa ń san owó ẹ̀kọ́, wọ́n á sì máa fún yín lówó oṣù (másítà kì í sábà rí bẹ́ẹ̀). Ṣùgbọ́n yàrá kan àti pálọ̀ nítòsí ibẹ̀ ń gba ju $2,000 lọ lóṣù. Nígbà tí nǹkan bí 48,000 òṣìṣẹ́ ẹ̀kọ́ (àwọn akẹ́kọ̀ọ́ PhD wà lára wọn) ní yunifásítì ìjọba California daṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ọ̀wọ́n ilé wà lára ohun tó lé wọn síta. Ní Minnesota, èmi nìkan ni mò ń gbé, mo sì ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí ìyá mi lóṣooṣù. Ní San Diego, èèyàn mẹ́ta la pín ilé kan, oṣù mẹ́rin sì kọjá kí n tó lè fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sílé. Ìyá mi kò sọ nǹkan kan. Ó dùn mí ju òtútù lọ.

Tí mo bá tún máa yàn lónìí, n kò ní bi ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ojú ọjọ́ tàbí owó. Ẹ wá akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní ọdún kẹta nínú láàbù náà, ẹ bi í pé: lẹ́yìn tí o bá san owó ilé, èló ló ń ṣẹ́kù? Oṣù wo ló nira jù fún ọ? Ẹ jẹ́ kó sọ oṣù náà, kí ẹ wá lọ wo bí ojú ọjọ́ oṣù yẹn ṣe rí. Tó bá dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ owó, ẹ wá ẹlòmíì. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà ń dá fún yín láti fèsì bóyá ẹ gba àyè tí wọ́n fún yín, nítorí náà ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àwọn ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà láti oṣù Kejì.