Ọdún tí mo wà lábẹ́ orúkọ ìyàwó mi

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni mo fi ọdún 2025 ṣe, ìdáhùn mi ò gùn: mo di ọkọ tí ìyàwó mú wọ̀lú. Kì í ṣe pé mò ń fi ara mi ṣẹ̀fẹ̀. Bó ṣe wà nínú ìwé nìyẹn. Ọmọ Ireland ni ìyàwó mi, iṣẹ́ ló gbé e lọ sí Jámánì, èmi àti ọmọbìnrin mi sì tẹ̀lé e gẹ́gẹ́ bí ará ilé ọmọ EU, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù.

UK la kọ́kọ́ wò. Ọmọ Ireland lè wọ UK, kó máa gbé ibẹ̀, kó sì máa ṣiṣẹ́ láìgba físà. Ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ mú ọkọ àlejò dání, ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé owó tó ń wọlé lọ́dún tó 29,000 pọ́n-ùn. 18,600 ni tẹ́lẹ̀. April 2024 ni wọ́n gbé e sókè. A yíjú sí Ireland, ilé rẹ̀ gan-an, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sì ti yà mí lẹ́nu. Òfin EU ti ọdún 2004 tó jẹ́ kí ọmọ EU lè kó ìdílé rẹ̀ dání, orílẹ̀-èdè EU mìíràn ló wà fún. Kò bo ẹni tó jókòó sílùú ara rẹ̀. Ìyẹn ni pé ó rọrùn fún ìyàwó mi láti mú mi lọ sílé àlejò ju kó mú mi lọ sílé baba rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn ọmọ Jámánì. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá ìyàwó mi ṣiṣẹ́, onílùú ni, síbẹ̀ aya rẹ̀ ní láti kọ́kọ́ yege ìdánwò èdè Jámánì ní ìpele A1 kó tó rí físà gbà. Èmi kò mọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nígbà tí mo wọlé. Ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́ fún mi, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó ṣì ń dùn ún.

Físà tiwa, ọ̀fẹ́ ni, òfin sì ní kí wọ́n yára ṣe é. Ẹni tó gba fáìlì wa kò jọ ẹni tó gbọ́ nípa rẹ̀ rí: ó béèrè ìwé owó oṣù mi, ó béèrè ìwé ìdánwò èdè. Ìyàwó mi ti tẹ òfin náà jáde láti ilé. Ó kàn tì í síwájú ẹni náà, ó fi ìka sí abala 5, ó sì dákẹ́. Wọ́n gba fáìlì.

Ti ọmọ ló wúwo jù. Ìyàwó mi kọ́ ló bí i. Ní ti òfin EU, ọmọ ọkọ tàbí ọmọ ìyàwó tí kò tíì pé ọdún 21, ọmọ ni, nítorí náà kò sí wàhálà lápá ibẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló kù. Ọmọ tí òbí méjèèjì bá jọ ní àṣẹ lórí rẹ̀, ẹnì kan kò lè dá gbé e lọ máa gbé orílẹ̀-èdè mìíràn. Irú rẹ̀ ni àdéhùn Hague ti ọdún 1980, tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ ṣe, wà fún. Mo kọ lẹ́tà ìyọ̀ǹda, mo gbé e lọ bá a, mo sì ti múra ìjà sílẹ̀. Ó kà á tán, ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó fa igi lé ibi tí mo kọ “títí lọ” sí.

“Títí lọ wo nìyẹn? Kọ ọ́ pé ọ̀dọ̀ rẹ ni yóò wà nígbà ilé-ìwé, kí o sì kọ ọ́ pé ọ̀dọ̀ mi ni yóò ti máa lo ìsinmi gígùn.”

Mo ní kò burú.

“Bó bá sì fẹ́ pè mí, ì báà jẹ́ lóru, má gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.”

Mo ní kò burú. Ó fọwọ́ sí i níwájú lọ́yà. Gbogbo ìwé yòókù tí a kó jọ lọ́dún yìí, owó àti sùúrù ló gbà. Èyí gba nǹkan lọ́wọ́ èèyàn.

Ti dídé wa kò gba àlàyé púpọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí o bá kó wọlé, o gbọ́dọ̀ lọ forúkọ àdírẹ́sì sílẹ̀, Anmeldung ni wọ́n ń pè é, kí onílé sì fọwọ́ sí i pé ibẹ̀ lò ń gbé lóòótọ́. Orúkọ ìyàwó mi ló wà nínú ìwé ilé. Orúkọ rẹ̀ ló wà lórí ìnṣọ́ráǹsì ìlera, èmi àti ọmọ kàn wà lábẹ́ rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Owó ọmọ tí ìjọba ń san, tó jẹ́ 255 yúrò lóṣù ní 2025, àpò rẹ̀ ló ń wọ̀. Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, èmi ni mò ń sanwó ilé, èmi ni mò ń fọwọ́ síwèé. Mo sọ fún un pé ó ń ká mi lára. Ó ní ìwé lásán ni. Mo ní ó rọrùn fún ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lókè láti sọ bẹ́ẹ̀. A ò bá ara wa sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Lálẹ́ ọjọ́ náà la ka abala 13 òfin EU yẹn pa pọ̀. Ó ní bí ìgbéyàwó bá tú, ẹni tí kì í ṣe ọmọ EU lè máa gbélùú lọ bí ìgbéyàwó náà bá ti tó ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó gbé ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ dé kóòtù, tí wọ́n sì ti lo ọdún kan ó kéré tán nínú rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè náà. Ìyàwó mi kà á sókè dáadáa, ó wá ní, “Ṣé o gbọ́? Bí o bá fẹ́ kọ̀ mí, ní sùúrù díẹ̀ sí i.” Ẹ̀rín pa wá. Mi ò rò pé tọkọtaya púpọ̀ ló ń ka òfin ìkọ̀sílẹ̀ kí wọ́n tó sùn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wà lórí físà ẹnì kejì rẹ̀ yẹ kó kà á, kó má sì fi kíkà rẹ̀ pa mọ́.

Káàdì ìgbélùú mi dé kí oṣù mẹ́fà tí òfin fún wọn tó pé, ọdún márùn-ún ló sì wà fún. Ẹ̀tọ́ láti ṣiṣẹ́ ti wà lọ́wọ́ mi láti ọjọ́ tí mo ti dé, káàdì kàn ń jẹ́rìí sí i ni. Ẹ lọ sọ ìyẹn fún agbanisíṣẹ́! Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn títí ó fi dé. Mo fi àkókò náà kọ́ èdè: wákàtí 600 lórí èdè, 100 lórí òfin àti ìtàn ìlú wọn. Mi ò tíì parí rẹ̀. Ní October, mo rí iṣẹ́ ìṣírò owó, ìdajì ọjọ́. Owó rẹ̀ kọjá 556 yúrò lóṣù, tó jẹ́ ààlà lọ́dún náà, ìyẹn sì yọ mí kúrò lábẹ́ ìnṣọ́ráǹsì ìyàwó mi. Lẹ́tà ìnṣọ́ráǹsì tèmi dé, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ fìríìjì. Ìyàwó mi ní òun ò rí ẹni tó ń yọ̀ rí nítorí pé wọ́n ń yọ owó lára owó oṣù rẹ̀.

Ọmọ náà ti gbọ́ Jámánì ju àwa méjèèjì lọ. Òun ló ń ka lẹ́tà ilé-ìwé fún wa, ó sì máa ń fo ibi tí wọ́n bá ti bá a wí. Ó lo ìsinmi gígùn lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ bí a ṣe kọ ọ́, ó sì ti ń ka oṣù de èyí tó ń bọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó béèrè bóyá ìyàwó mi náà lè bá òun lọ. Mo ní ìyá rẹ̀ ni kó lọ bi. Alẹ́ àná ló pè é, ó pẹ́ lórí fóònù. Mi ò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò sì tíì mọ ohun tí wọ́n jọ sọ.