Wọ́n ní kí n ta máṣíìnì yẹn ní kílò, mo ní ó tì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bi mí pé kí ló ń pariwo lẹ́yìnkùlé wa ní Apákẹ́ látọjọ́ yìí, ọ̀kadà Honda CG125 ni. Ti àbúrò bàbá mi ni, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, òun ni wọ́n fi ń lọ síléèwé ní Ajáàwà láyé ijọ́un, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Ìgbà tí orúnkún wọn ò gbà mọ́ ni wọ́n tì í sábẹ́ páànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ibẹ̀ ló sì wà látìgbà náà, adìẹ ń sùn lórí síìtì, ọmọdé ń gùn ún ṣeré, òjò ń fẹ́ sí i lára. Mo lọ kí wọn ní Iléyá, mo ní, "Bàbá, máṣíìnì yìí ńkọ́, ṣé ẹ ò ní í tún un ṣe mọ́ ni?" Wọ́n ní, "Tún kí ni ṣe? Àwọn tó ń ra irin àlòkù ti wá wò ó. Tó o bá rí nǹkan fi ṣe, máa gbé e lọ, ṣùgbọ́n má mà gbé e padà wá bá mi o." Mo dúpẹ́, mo wá oníkẹ̀kẹ́ Márúwá tó máa ń kẹ́rù, ó di Ogbomọ̀ṣọ́.

Kí n má purọ́, kì í ṣe ìfẹ́ máṣíìnì nìkan. Láti May 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti ní owó sọ́bsídì orí epo ti tán, mọ́tò mi ti di nǹkan tí mò ń wò látojú fèrèsé. CG ní tiẹ̀, lítà epo kan á gbé e ju kìlómítà 30 lọ dáadáa. Ìyẹn nìkan tó láti mú kéèyàn fi ọwọ́ pa gíríìsì.

Mẹkáníìkì kan tó kọ́kọ́ rí i kò tíì dìde lórí bẹ́ǹṣì tó ti ní ẹ́ńjìnì ti kú, kí n lọ ra ẹ́ńjìnì Ṣáínà tuntun wá kí òun bá mi gbé e sí i. Kò fọwọ́ kàn án o! Ẹnì kejì ní kí n kúkú tà á ní kílò. Èmi wá ń rò ó pé báwo lẹ́ńjìnì tó ń yí ṣe kú, torí mo ti fọwọ́ tẹ kíìkì ẹ̀, irin tí wọ́n fi ń jí i, nílé Bàbá, ó sọ̀kalẹ̀, ó sì ń ti ọwọ́ mi padà, ìyẹn ni pé kọ̀ǹpẹ́réṣọ̀n, agbára tí ẹ́ńjìnì fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú ẹ̀, ṣì wà. Máṣíìnì tó pẹ́ nílẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà epo tó bàjẹ́ àti ìdọ̀tí ló dì í lọ́nà ọ̀fun. Tó bá ti ní kọ̀ǹpẹ́réṣọ̀n, ó ku kó rí iná, kó rí epo tó mọ́, kó sì rí ibi mí. Wá àwọn yẹn ná kó o tó tú pọ́ọ̀ṣì. Àwọn tó ń sáré ra pátì kiri kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣe é, owó wọn ni wọ́n ń ná, kì í ṣe tèmi.

CG yìí gan-an, Honda mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é fún irú àwa báyìí ni. 1976 ni wọ́n gbé e jáde, fún ìlú tí ọ̀nà ò dáa tí èèyàn ò sì ráyè sẹ́fíìsì déédéé, kódà kò ní ṣéènì táímìnì nínú bíi tàwọn Honda yòókù ìgbà yẹn, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ló ń ti fáàfù (ẹnu ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé tí èéfín sì ń gbà jáde) ṣí. Àwọn ará Ṣáínà wá ṣe ẹ̀dà ẹ̀ lọ bẹẹrẹ, torí náà pátì ẹ̀ ò wọ́n, àtẹ tó o bá yà sí ní Tàkíè tàbí Ṣábó, wàá rí i. Ṣùgbọ́n ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí o, ayédèrú pọ̀ níbẹ̀, èyí tí báàgì ẹ̀ dáa jù lọ náà sì lè jẹ́ ayédèrú.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe, mi ò fẹsẹ̀ tẹ kíìkì mọ́ rárá. Mo tú plọ́ọ̀gì tó ń tan iná sínú ẹ́ńjìnì, mo kán ẹ́ńjìnì ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò ẹ̀, mo fi aṣọ dí i, mo fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ríìngì, òrùka ara pisítìn, tó ti gbẹ tó ti so mọ́ ògiri sílíńdà, tó o bá fagídí tẹ̀ ẹ́, ó lè fá inú ẹ̀, ìgbà yẹn ni ẹ́ńjìnì á wá kú lóòótọ́. Lọ́jọ́ kejì mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, ó ń yọ̀ lọ.

Mo wá ṣí ilé fílítà afẹ́fẹ́. Hẹn. Eku ti kọ́lé síbẹ̀! Háhá àgbàdo, òwú inú síìtì, ìyẹ́ adìẹ, ó tún wá lọ gé ìwé iṣẹ́ àwọn ọmọ iléèwé mọ́ ọn, mo rí èyí tí bírò pupa ti máàkì sí, 3 nínú 10, ọmọ yẹn ì báà ti di bàbá ọlọ́mọ báyìí. Fóòmù fílítà gan-an, bí mo ṣe fọwọ́ kàn án ló di lẹ́búlẹ́bú. Èyí tí wọ́n ní ẹ́ńjìnì ti kú, ta ló fẹ́ wà láàyè pẹ̀lú ìyẹn nímú?

Ọ̀rọ̀ táǹkì ló gbà mí lásìkò jù. Epo tó kù nínú ẹ̀ pọ́n bí àgbo jẹ̀dí, ó ń rùn bíi pẹ́ǹtì, kò ní òórùn pẹtiróòlù mọ́ rárá. Mo dà á nù, mo yọ táàpù epo kúrò nídìí ẹ̀, mo fi bọ́ọ̀tù kékeré dí ihò náà, mo da òkúta wẹ́wẹ́ àti kẹrosíìnì sínú ẹ̀, èmi àti ọmọ aládùúgbò wá gbé e láàárín, à ń jọ̀ ọ́ bí ẹní ń jọ gàrí títí apá fi ń ro wá. Ẹ dà á nù, ẹ tún ṣe é, títí ohun tó ń jáde ò fi pọ́n mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn mo fi omi gbígbóná àti ọṣẹ ìfọṣọ fọ̀ ọ́, mo sá a sóòrùn lójú ẹsẹ̀, nígbà tó gbẹ mo fi epo díẹ̀ ṣan inú ẹ̀, torí irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ tí omi wà lára ẹ̀, kó tó dalẹ́ á ti tún dípẹtà. Àwọn kan ní kí n da ásíìdì bátìrì sí i, mo ní rárá o, ásíìdì yẹn ò mọ ìpẹtà yàtọ̀ sí táǹkì, á jẹ méjèèjì ni. Ẹ má gbàgbé ife kékeré tó wà nísàlẹ̀ táàpù epo yẹn o, asẹ́ wà nínú ẹ̀, tèmi ti dí pátápátá, bí mo bá fọ táǹkì lọ́gọ́rùn-ún epo ò ní kọjá níbẹ̀.

Ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti ṣe gbogbo èyí, kó jìnnà sí ìdáná. Ìyàwó mi gbé àdògán iná èédú ẹ̀ lọ sí iwájú ilé, ó ń kùn, mo ní kó máa kùn.

Ó kan kabúrétọ̀, ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnì. Síkúrúù méjì ló di abọ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀ mú. Mo gbé tíréè funfun sílẹ̀ kí nǹkan kékeré má baà bọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ṣí i, ohun tó dì sínú ẹ̀ aláwọ̀ ewé, ó le, ó lẹ̀ mọ́ ìdí abọ́. Jẹ́ẹ̀tì méjì, bíráàsì oníhò tí epo ń gbà kọjá, ló wà níbẹ̀, ńlá àti kékeré. Ńlá yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ dí. Kékeré tó ń fún un lépo nígbà tó bá dúró síbì kan lọ̀daràn. Mo gbé e sókè sí oòrùn, mo fi ojú kan wò ó, mi ò rí ìmọ́lẹ̀ kankan. Mo rẹ ẹ́ sínú pẹtiróòlù tuntun mọ́jú, mo fa ẹyọ okùn bàbà kan jáde nínú wáyà iná tó rọ̀, mo fi tì í wọ ihò náà jẹ́jẹ́. Ẹ má lo abẹ́rẹ́ o, ẹ má lo pín-ìnnì, bíráàsì rọ̀, ẹ ó fẹ ihò náà lójú, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í mu epo bí ọ̀mùtí. Mo wá gbé gbogbo ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà ọ̀nà ibi tá a ti ń lọ sí LAUTECH, ó fi atẹ́gùn kọ̀ǹpẹ́rẹ́sọ̀ fẹ́ gbogbo ihò ẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ní òun ò gbowó nítorí pé òun fẹ́ rí bó ṣe máa jí. Mo tún gbé jẹ́ẹ̀tì yẹn sókè, mo rí ìmọ́lẹ̀ tín-ń-tín kan, ó kéré, àmọ́ ó yípo dáadáa. Inú mi dùn jọjọ, mo fún fọkanáísà wò, òun náà rẹ́rìn-ín.

Iná ńkọ́? Plọ́ọ̀gì tuntun ni mo rà, D8EA, mo ṣe ẹnu ẹ̀ sí bíi mìlímítà 0.6 sí 0.7, mo ti orí ẹ̀ mọ́ irin ẹ́ńjìnì, mo ní kí ọmọ aládùúgbò yẹn tẹ kíìkì. Ó tan, ṣùgbọ́n iná pupa rúsúrúsú ni, kò lágbára. Ó yẹ kó jẹ́ búlúù tó ń dún tá. Ibí yìí ni ẹlòmíì á ti lọ ra kọ́ìlì, á ra CDI, àwọn tó ń fún plọ́ọ̀gì níná, á ra gbogbo ẹ̀ pọ̀. Mo yí fìlà plọ́ọ̀gì yẹn kúrò lórí wáyà ẹ̀ (yíyí ni wọ́n ń yí i, kì í ṣe fífà), ẹnu wáyà yẹn ti di àwọ̀ ewé. Mo gé díẹ̀ kúrò níbẹ̀, mo yí i padà, mo tún fi sánpépà ha ibi tí kọ́ìlì ti fara kan férémù kí áàtì ẹ̀ lè dáa. A tún tẹ̀ ẹ́. Tá! Búlúù. Kọ́bọ̀ kan ò jáde lápò mi.

Tapẹ́ẹ̀tì, àlàfo kékeré tó wà lórí fáàfù, mo ṣe é nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù, mìlímítà 0.08 fún méjèèjì. Àwọn mẹkáníìkì wa máa ń fi bíléèdì wọ̀n ọ́n, bíléèdì tó bíi 0.1, kò jìnnà, ṣùgbọ́n mo yá gééjì lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n kan torí mi ò fẹ́ràn "kò jìnnà". Ọ́ìlì àtijọ́ dúdú kirikiri, kò funfun bíi wàrà, ìyẹn ni pé omi ò wọlé, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. 20W-50 ti máṣíìnì ni mo dà sí i, bíi lítà kan. Ẹ wo ara ike ẹ̀ kó ní JASO MA, àmì ọ́ìlì tó bá kílọ́ọ̀ṣì máṣíìnì mu, torí ọ́ìlì kan náà ni ẹ́ńjìnì àti kílọ́ọ̀ṣì jọ ń lò nínú CG, àwọn ọ́ìlì mọ́tò olówó iyebíye kan wà tó máa ń jẹ́ kí kílọ́ọ̀ṣì máa yọ̀.

Ó wá ku ìdánwò. Mo gbé ṣókù tó ń dín afẹ́fẹ́ kù sókè, mo tẹ kíìkì, ó wúkọ́. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó wúkọ́, nígbà tó yá ó kàn bú gbàù, amọ̀ tí agbọ́n ti fi kọ́lé sínú sílẹ́ńsà sì fò jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ó lọ bá ògiri, àwọn adìẹ ká. Èéfín bo àgbàlá, ìyá àgbà iwájú ilé ní ṣé a fẹ́ sun ilé ni. Mo ní "Ẹ má bínú mà, ọ́ìlì tá a kán sí i ló ń jó tán." Ó jó tán lóòótọ́, èéfín náà dá. Bí mo bá ti gbé ṣókù wálẹ̀ ó ń kú, mo bá yí síkúrúù afẹ́fẹ́ ẹ̀ wọlé títí tó fi dúró, mo wá tú u síta bí ìyípo kan àbọ̀, mo ń yí i díẹ̀díẹ̀ síwá sẹ́yìn títí ohùn ẹ̀ fi dọ́gba. Ohùn CG yẹn, tá, tá, tá, tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ọ rí lọ́nà oko ẹ ó mọ̀ ọ́n.

Mo ki gíà kìíní, mo di kílọ́ọ̀ṣì mú dáadáa, síbẹ̀ ó fò síwájú, ó kú. Ẹ má bẹ̀rù tíyẹn bá ṣẹlẹ̀. Páléètì kílọ́ọ̀ṣì ti lẹ̀ mọ́ra wọn nítorí pé ó pẹ́ nílẹ̀. Mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná, mo pa á, mo ki gíà, mo di kílọ́ọ̀ṣì mú, mo wá ń tì í síwá sẹ́yìn títí mo fi gbọ́ "pọ́", ó tú.

Ẹni tó fẹ́ gùn ún kó tó yẹ táyà àti búréèkì wò, ẹ bá mi gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ojú táyà tèmi ṣì ga, ẹni tí ò mọ̀ á ní ó dáa, ṣùgbọ́n ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó máa ń wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Tèmi jẹ́ 2811, ọ̀sẹ̀ kejìdínlọ́gbọ̀n ọdún 2011, rọ́bà ti la wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo pààrọ̀ méjèèjì pẹ̀lú tíúbù. Ṣúù búréèkì ṣì nípọn, ó kàn ń dán ni, mo fi sánpépà ha ojú ẹ̀, mo fi aṣọ tútù nu eruku inú ẹ̀, ẹ má fẹnu fẹ́ ẹ, eruku yẹn ò dáa fún ẹ̀dọ̀fóró. Ṣéènì, mo rẹ ẹ́ sínú kẹrosíìnì, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ̀ ọ́, ó padà yí.

Mo ti gùn ún dé Under G, mo gùn ún dé ọ̀nà Ìkòyí-Ilé díẹ̀, pẹ̀lú hẹ́mẹ́ẹ̀tì lórí. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ ni mi ò tíì gbé e gbà, àwọn tírélà yẹn ò mọ̀ pé èèyàn wà lójú ọ̀nà. Kò tíì sí bátìrì lórí ẹ̀, tèmi ń jí láìsí i, ṣùgbọ́n họ́ọ̀nù àti tíráfíkétọ̀ ò ṣiṣẹ́, ìyẹn ni iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ páápà àti nọ́ńbà ẹ̀ tó ti kú tipẹ́. Síìtì náà ńkọ́, eku àti adìẹ ti pín in. Ẹni tó bá mọ ẹni tó ń rán síìtì máṣíìnì dáadáa ní agbègbè Wàásó tàbí Ọjà Jagùn, kó júwe ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ fún mi, má kàn sọ pé "béèrè níbẹ̀" o, ẹni mẹ́ta ló wà níbẹ̀, èyí tí mo sì lọ bá lẹ́ẹ̀kan yẹn, abẹ́rẹ́ ẹ̀ ò tiẹ̀ gba lẹ́dà kọjá.