Bí mo ṣe gbé gitweb kalẹ̀ sórí ògbólógbòó láptọ́ọ̀pù, tí ó sì kọ̀ láti fi àká kóòdù hàn mí

Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ni ó dá iṣẹ́ yìí sí mi lọ́rùn. Àwọn aláró àti àwọn tí ń ta àdìrẹ ni ó pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ náà, èyí kò sì yani lẹ́nu ní Òṣogbo, ìlú aró. Àwa ni a ń kọ ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣírò owó ìdásí àti èlé wọn. Ìyá náà gun àtẹ̀gùn dé ọ́fíìsì wa ní Òkè-Fíà, ó jókòó, ó nu òógùn ojú rẹ̀, ó ní: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹ ti yí ọ̀nà tí ẹ fi ń ṣírò èlé padà láti ọdún tó kọjá. Mo fẹ́ máa fi ojú ara mi rí ohun tí ẹ yí, àti ọjọ́ tí ẹ yí i, kí wọ́n má baà bi mí nípàdé kí n máa wò suu."

Ohun tí ìyá ń béèrè wà lọ́wọ́ wa, nítorí pé Git ni a fi ń tọ́jú kóòdù náà. Git, tí Linus Torvalds, ẹni tí ó dá Linux sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2005, a máa kọ gbogbo ìyípadà sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó ṣe é, ọjọ́ tí ó ṣe é àti àlàyé tí ó kọ tì í. Ibi tí gbogbo rẹ̀ ń kó sí ni wọ́n ń pè ní repository. Àká ni èmi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń pè é. Mo tẹ git log níwájú ìyá, ojú kọ̀ǹpútà dúdú, lẹ́tà funfun sì ń ṣàn lọ sókè. Wọ́n wò ó, wọ́n wò mí. "Èyí kọ́ ni mo ní kí o fi hàn mí." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni ojú ìwé tí wọ́n lè ṣí lórí fóònù wọn, kí wọ́n tẹ ọjọ́ kan, kí wọ́n sì rí ìlà tí a yọ àti ìlà tí a fi kún un.

A lè gbé àká náà lọ sí ọ̀kan nínú àwọn ojúlé ńlá orí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n àdéhùn wa pẹ̀lú ẹgbẹ́ ni pé kóòdù wọn kò ní kúrò ní ọ́fíìsì. Láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kan wà nílẹ̀ tí a fi Debian 12, irú Linux kan, sí, tí bátìrì rẹ̀ ṣì lè gbé e fún wákàtí kan ààbọ̀ bí iná bá lọ, èyí tí ó sàn ju ọ̀pọ̀ sáfà (kọ̀ǹpútà tí ń pèsè ojú ìwé fún àwọn yòókù) olówó ńlá lọ ládùúgbò wa. Òun ni mo yàn. Ní ti sọ́fítíwíà tí ń fi àká Git hàn nínú buráúsà, cgit ni ó yára jù nínú àwọn tí mo mọ̀, èdè C ni wọ́n fi kọ ọ́, òun náà ni wọ́n ń lò lórí kernel.org níbi tí kóòdù Linux wà. Ẹni tí ó bá ṣì ń fi Subversion tàbí CVS, tí wọ́n ń ṣe irú iṣẹ́ Git, tọ́jú kóòdù rẹ̀, ViewVC ni kí ó lọ wò. Èmi mú gitweb, nítorí pé ara Git gan-an ni, èdè Perl ni wọ́n fi kọ ọ́, àká mẹ́ta péré ni mo sì fẹ́ fi hàn. Ẹni tí ó bá kàn fẹ́ wo àká kan fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ara rẹ̀ lè tẹ git instaweb nínú fódà rẹ̀, bí lighttpd bá ti wà níbẹ̀, kí ó má sì dààmú ara rẹ̀ pẹ̀lú ìyókù ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Fífi òun àti Apache, ètò tí ń gbé ojú ìwé jáde fún buráúsà, sí orí ẹ̀rọ kò gba àkókò:

sudo apt install apache2 gitweb

Mo kọ localhost/gitweb sínú buráúsà, "Not Found" ni ó dá mi lóhùn, ìyẹn 404, pé òun kò rí ohun tí mo wá. Mo wo fódà /usr/share/gitweb, gbogbo fáìlì pé síbẹ̀. Ìgbà tí mo ṣí /etc/apache2/conf-available/gitweb.conf ni ọ̀rọ̀ tó yé mi: fáìlì náà ti fi í ṣe àdéhùn pé àfi bí Apache bá ti ní módù CGI, èyí tí ń jẹ́ kí ó lè pe ètò bíi gitweb ṣiṣẹ́, ni òun yóò tó ṣí ọ̀nà /gitweb sílẹ̀, bí kò bá sì ní in, yóò dákẹ́ bí ẹni pé kò sí ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀ rí. Mo tẹ sudo a2enmod cgi. Apache sọ pé cgid ni òun yóò lò dípò cgi nítorí irú MPM (ọ̀nà tí Apache fi ń pín iṣẹ́ rẹ̀) tí ó wà níbẹ̀, èyí kò sì burú rárá. Mo tún Apache gbé dìde pẹ̀lú systemctl restart apache2, ojú ìwé gitweb yọ, àmì Git wà lókè rẹ̀. Ohun tí ó wà lábẹ́ àmì náà ni "404 - No projects found".

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí pé ọmọ iṣẹ́ mi pariwo pé, "Ẹ̀gbọ́n, 404 yẹn náà ṣì ni o, a kò tíì kúrò lójú kan." A ti kúrò. 404 àkọ́kọ́, ẹnu Apache ni ó ti wá, ó ń sọ pé òun kò mọ ilé tí à ń wá. Èkejì, ẹnu gitweb ni ó ti wá: a ti wọ ilé, yàrá ni ó ṣófo. Ẹni tí kò bá wo ojú ìwé dáadáa kí ó mọ ẹni tí ń sọ̀rọ̀, nọ́ńbà kan náà ni yóò máa rí, yóò sì lọ máa tún Apache tí kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni ṣe.

Yàrá ṣófo nítorí pé /var/lib/git ni gitweb ń wò bí a kò bá sọ ibòmíràn fún un, àká tiwa sì wà nínú fódà ilé mi. Mo ṣí /etc/gitweb.conf, mo yí $projectroot, ìlà tí ń sọ fódà tí gitweb yóò wò, padà, mo sì gbàgbé àmì dánudúró onírù (;) tí ó yẹ kí ó parí ìlà náà. Perl kì í gbójú fo irú rẹ̀. Àṣìṣe 500 yọ, àkọsílẹ̀ tí ó wà ní /var/log/apache2/error.log sì ń tọ́ka sí ìlà kan tí kò ní àléébù kankan. Ìlà tí ó wà lókè rẹ̀ ni ẹ máa wò nígbà gbogbo, nítorí pé ìgbà tí Perl bá dé ìlà tí ó tẹ̀ lé e ni ó ń mọ̀ pé èyí tí ó ṣáájú kò parí. Mo fi àmì náà sí i, 500 lọ, "No projects found" padà wá.

Ibí ni mo ti pàdánù ọ̀sán ọjọ́ kejì. Mo wo ọ̀nà tí mo kọ, ó tọ́. Mo tẹ ls, gbogbo àká mẹ́tẹ̀ẹ̀ta hàn mí kedere. Ohun tí n kò rántí ni pé èmi ni ó hàn sí. Apache kì í fi ojú tèmi wo nǹkan. Orúkọ www-data ni ó ń jẹ́ lórí ẹ̀rọ náà, àlejò pátápátá ni lójú fódà ilé mi. Ohun tí ó fi èyí hàn mí ni àṣẹ kan tí ó máa ń to gbogbo fódà tí ó wà lójú ọ̀nà lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda tí ó wà lórí wọn:

namei -l /home/ise/aka

Lórí ìlà "ise", drwx------ ni mo rí. Ó túmọ̀ sí pé onílé nìkan ni ó lè gba ẹnu ọ̀nà yẹn kọjá. Àká tí ó wà nínú lọ́hùn-ún ì báà ṣí sílẹ̀ gbayawu, ẹni tí kò lè kọjá ní géètì kò lè dé ìyẹ̀wù. N kò fẹ́ ṣí ilé mi sílẹ̀ fún Apache, nítorí náà mo kó àwọn àká lọ sí /srv/git, mo sì tún ọ̀nà náà kọ sínú gitweb.conf.

Àká méjì yọ. Ẹ̀kẹta, èyí tí ìṣírò èlé wà nínú rẹ̀ gan-an, kò yọ.

Lọ́tẹ̀ yìí mo ti gbọ́n díẹ̀, mo sì bi ẹ̀rọ léèrè ní orúkọ www-data: sudo -u www-data git -C /srv/git/ele.git log. Ó dáhùn pé òun kò lè wọ inú fódà náà, ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi í nípa aro.git tí ó ń hàn dáadáa nínú gitweb, "detected dubious ownership" ni ó sọ. Ọ̀rọ̀ yẹn tàn mí jẹ. Láti ọdún 2022 ni Git kì í ti í ṣiṣẹ́ nínú àká tí ẹlòmíràn ni, àfi bí a bá kọ ọ̀nà àká náà sábẹ́ safe.directory, ìdí rẹ̀ sì dára: ẹnikẹ́ni lè gbé àká burúkú sí ojú ọ̀nà rẹ kí ó sì fi mú ẹ̀rọ rẹ ṣe ohun tí o kò rán an. Mo ti ń kọ safe.directory lọ nígbà tí mo dúró, mo bi ara mi pé bí ó bá jẹ́ èyí ni ó dí gitweb lọ́nà, kí ló dé tí aro.git fi hàn? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé gitweb a máa fi --git-dir dárúkọ àká fún Git ní tààrà. Ìgbà tí Git bá fúnra rẹ̀ wá àká kiri ni ó ń yẹ ẹni tí ó ni ín wò. Bí a bá ti dárúkọ rẹ̀ fún un, kò tún béèrè. Ìbéèrè mi ni kò bá ti gitweb mu. Mo tún un bi bí gitweb ṣe ń bi í:

sudo -u www-data git --git-dir=/srv/git/ele.git log

aro.git dáhùn. ele.git ní "not a git repository", pé kì í ṣe àká. Mo wo ìyọ̀ǹda rẹ̀: drwx------ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi ni ó dá àká yẹn sílẹ̀, umask tirẹ̀, ìyẹn ìyọ̀ǹda tí ẹ̀rọ ń yọ kúrò lórí fáìlì tuntun rẹ̀, sì jẹ́ 077, nítorí náà gbogbo ohun tí ó bá fọwọ́ kàn ni ó ń tì pa. Mo lo chmod -R a+rX fún èyí tí ó ti wà nílẹ̀ kí gbogbo ènìyàn lè kà á, mo sì fi core.sharedRepository sí "all" nínú àká náà kí èyí tí ń bọ̀ lẹ́yìn má baà tún tì pa. Ẹ má ṣe fi èkejì sílẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àká yóò tún pòórá lọ́jọ́ tí ọmọ iṣẹ́ mi bá tún ti kóòdù wọlé.

Gitweb kì í bi ẹnikẹ́ni ní orúkọ, nítorí náà mo fi Require ip sínú Apache kí Wi-Fi ọ́fíìsì nìkan lè dé ibẹ̀, mo sì pa snapshot, nítorí pé bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ẹnikẹ́ni tí ó bá wọlé lè tẹ ibì kan kí ó sì kó gbogbo kóòdù lọ.

Ìṣòro tí ó kù, tiwa ni, n kò rò pé ará Jámánì kan yóò bá a pàdé. Mo wá "èlé" nínú àpótí ìwárí gitweb, kọ́míìtì (ìyípadà tí a kọ sínú Git pẹ̀lú àlàyé rẹ̀) tèmi nìkan ni ó yọ, ti ọmọ iṣẹ́ mi kò yọ, bẹ́ẹ̀ ojú wa ń rí "èlé" níbẹ̀. Lẹ́tà è lórí bọ́tìnnì tèmi, hóró kan ni, báìtì méjì (báìtì ni ìwọ̀n tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà). Lórí tirẹ̀, e ni ó kọ́kọ́ jáde kí àmì ohùn ìsàlẹ̀ tó gun orí rẹ̀, báìtì mẹ́ta. Lójú, ọ̀kan ni wọ́n. Báìtì ni Git sì ń fi wéra. Mo kọ ètò kékeré kan sí commit-msg, èyí tí Git ń pè nígbà tí a bá kọ àlàyé kọ́míìtì, lórí kọ̀ǹpútà kálukú wa, tí ó ń fi uconv -x any-nfc sọ gbogbo rẹ̀ di oríṣi kan náà. Èyí tí a ti kọ sẹ́yìn, a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Akọ̀wé padà wá ní ọjọ́ Jímọ̀. Mo so fóònù wọn mọ́ Wi-Fi, mo ṣí ele.git fún wọn, wọ́n sì gbé awò wọn sójú. Wọ́n kà á sókè láti òkè wá sí ìsàlẹ̀: "Mo tún un ṣe. Mo tún un ṣe, ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ó ti ń dára. Ó kù díẹ̀." Wọ́n gbójú sókè. "Kí ni ẹ tún ṣe?"

Mo fa ìwé àkọsílẹ̀ kan yọ nínú dúrọ́ọ̀, mo jókòó tì wọ́n, mo sì ń fi bírò kọ ìtumọ̀ kọ́míìtì kọ̀ọ̀kan fún wọn títí wọ́n fi kírun ìrọ̀lẹ́ ní mọ́ṣáláṣí ìsàlẹ̀.