Ẹ̀gún Kò Kánjú

Táyà ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ológeere mi tún jò lónìí, ẹ̀ẹ̀kẹta láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, inú tó bí mi kò sì tíì rọ̀ títí tí mo fi ń kọ èyí. Iṣẹ́ lọ bó ṣe yẹ kó lọ, iná dé ní nǹkan bí aago mẹ́rin, mo jẹ àmàlà. Ó tán.

Ọ̀rọ̀ tó ń dún létí mi ni èyí tí Bàbá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́bàá ọjà Ìpàtà ní Ìlọrin sọ, èmi kọ́ ni ó sì sọ ọ́ fún. Ó ti tú táyà náà, ó ri túúbù bọ inú abọ́ omi, ó rí ibi tí omi ti ń hó, ó wá ń fi ìka wá inú táyà kiri títí ó fi kan wáyà kan tó tín-ín-rín bí irun, irú èyí tí táyà ọkọ̀ àjàgbé tó bẹ́ máa ń fọ́n sí ojú ọ̀nà Àjàṣẹ́ Ìpo. Ó fi ẹ̀mú fà á yọ, ó nà án sí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gún ò kánjú o. Ẹni tó ń gùn ún ló ń gbé e wọlé."

Kò wo ojú mi. Bóyá iṣẹ́ ló ń kọ́ ọmọ, bóyá èmi ló sì ń bá wí.

Nígbà tí mo délé, mo fi tépù wọn táyà náà yípo, ó lé díẹ̀ ní mítà méjì. Ilé ìwé sí ilé mi jẹ́ kìlómítà mẹ́ta, èyí túmọ̀ sí pé kẹ̀kẹ́ yìí ń yí ju ìgbà 1,400 lọ kí n tó délé, gbogbo ìgbà tó bá sì yí ni ilẹ̀ ń ti wáyà náà wọlé díẹ̀ sí i, bí ẹni ń fi òòlù kékeré lu ìṣó. Ó lè jẹ́ láti ọjọ́ Ajé ni ó ti wà níbẹ̀, tí èmi fúnra mi sì ń gbá a wọlé. Èyí dùn mí ju owó lílẹ̀ lọ.

Àwọn àgbà mọ̀ ọ́n. Lára kẹ̀kẹ́ bàbá mi ní Òrò, sípókù ògbólógbòó kan wà tí wọ́n tẹ̀ bí ọrun, tí wọ́n so mọ́ nọ́ọ̀tì bíréèkì, tó ń kan táyà fẹ́rẹ́. Ohunkóhun tó bá lẹ̀ mọ́ táyà, kí ó tó yí lẹ́ẹ̀kejì, wáyà náà á ti gbá a dànù. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ta irú rẹ̀ rí nítorí òkúta mímú ojú ọ̀nà wọn. Ẹ̀gún ọsàn ni tiwa. Ṣẹ̀-ṣẹ̀-ṣẹ̀ ni ó máa ń dún, a sì máa ń gbọ́ ọ nírọ̀lẹ́ kí a tó rí bàbá, ẹni tó bá ní ohun tí yóò fi pamọ́ á sì tètè fi pamọ́.

Kí n tó kúrò lọ́dọ̀ Bàbá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, mo ti ní kí ó bá mi tẹ ọ̀kan. Ó rẹ́rìn-ín títí pọ́ńpù fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Táyà tó jọ̀lọ̀ ni wọ́n ń fi í sí. Eléyìí tí o gbé wá, eyín rẹ̀ pọ̀ ju ti ọ̀nì lọ!" Ó ní òun lè gé túúbù àlòkù tẹ́ sí inú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ṣe bẹ́ẹ̀ rí ní Ọ̀fà, etí túúbù tí wọ́n gé ni ó ha túúbù tòótọ́ títí ó fi lu. Bàbá ní ẹni tó gé e ni kò fá etí rẹ̀ kó fẹ́lẹ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ bàbá mi náà máa ń jò, ti sípókù ti gbogbo rẹ̀. Ìṣó oní-íǹṣì méjì kì í dúró de ìyípo kejì. Ẹ̀ẹ̀kan ni ó ń wọlé. Èyí ni ó yẹ kí n fi dá Bàbá lóhùn, n kò sì rántí rẹ̀ àfi ìgbà tí mo ti dé Gàmbàrí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀rọ̀ èmi àti ẹ̀gbọ́n mi yìí mọ ìdí tí n kò fi lè gbé gbólóhùn kékeré tí Bàbá sọ nípa ẹ̀gún kúrò lọ́kàn. Kì í ṣe ìṣó ni tiwa, ẹ̀gún ni…

Lẹ́yìn Ìṣáà, mo dojú kẹ̀kẹ́ bolẹ̀ lábẹ́ iná, mo fi àkísà di táyà mú, mo sì ń yí i díẹ̀díẹ̀. Mo rí àfọ́kù ìgò méjì àti ẹ̀gún ọsàn kan tó ti wọlé dé ìdajì, tí kò tíì lu. Mo kó wọn sínú ìdérí agolo mílíìkì. Wọ́n ṣì wà lórí tábìlì níwájú mi.