Omi inú kọnkéré: Ìbàdàn tí mo ti wá, Manchester tí mo wà

Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Manchester ni ọmọ ọdún méjìlélógún kan dá ọkọ̀ kọnkéré padà lójú mi. Ọkọ̀ ńlá tó máa ń yí ikùn yẹn wọlé láàárọ̀, irin ti wà nílẹ̀, pọ́ǹpù ti wà ní sẹpẹ́, gbogbo wa ti dúró. Ọmọkùnrin yìí bu kọnkéré sínú kóònù irin, ó fi ọ̀pá gún un, ó gbé kóònù kúrò, ó wá fi rúlà wọn bó ṣe wálẹ̀ tó. Ìwé tó bá ọkọ̀ wá sọ pé S3 ni, ìyẹn ni pé tí wọ́n bá gbé kóònù kúrò, ó yẹ kó wálẹ̀ láàárín 100 sí 150 mílímítà. Èyí ò dúró rárá, ṣe ló tẹ́ pẹrẹsẹ bí ọbẹ̀ ilá, omi ti pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ó bu ẹ̀ẹ̀kejì, bákan náà ló rí. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní kí dẹ́rẹ́bà máa gbé e lọ. Mo dúró síbẹ̀, àyà mi ń já, mò ń retí ẹni tó máa sọ pé "ẹ jẹ́ ká lò ó bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ti pẹ́." Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Máníjà sáìtì kàn gbé fóònù, ó pe ọkọ̀ míì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dúró lórí sáìtì nílé rí, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Mo ṣe ẹnjiníà sáìtì n'Ìbàdàn fún ọdún mẹ́fà kí n tó wá síbí, ọjọ́ dẹ́kìn lọ́dọ̀ wa dà bí ọjọ́ ìnáwó. Míkísà á ti máa ké láti aago mẹ́fà ààbọ̀, àwọn lébírà á tò láti ilẹ̀ dé òkè, hẹ́dípánù á máa ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kejì, ẹnì kan á dá orin, àwọn tó kù á máa gbè é, ìyàwó onílé á ti gbé ìkòkò ìrẹsì kaná. Tó bá wá di ọ̀sán tí oòrùn mú, kọnkéré á máa le, ọwọ́ á máa ro àwọn èèyàn, ìgbà yẹn lẹ máa rí i tí bọ́kẹ́ẹ̀tì omi á bẹ̀rẹ̀ sí í wọnú míkísà láìsí ẹni tó ń kà á. Bàbá bíríkìlà wa, tí wọ́n ju bàbá tó bí mi lọ́jọ́ orí, á ní "Ẹnjiníà, ẹ jẹ́ kó ṣàn díẹ̀, ṣé ẹ fẹ́ pa àwọn ọmọ yìí ni?" Màá ní "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, omi yẹn ti pọ̀ jù." Wọ́n á wò mí, wọ́n á rẹ́rìn-ín, "Ọmọ mi, ilé tí mo ti kọ́ ò lóǹkà, èwo ló wó níbẹ̀?" Kí lẹ fẹ́ kí n wí? Onílé tó ń sanwó fún èmi àti Bàbá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ń wo aago, ọjọ́ kan péré ló háyà míkísà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dákẹ́ tí mo jẹ́ kí omi yẹn wọlé. Ilé méjèèjì ṣì dúró, àmọ́ títí dòní, ẹni tó bá gba àdúgbò yẹn kọjá, mo máa ń bi í pé ṣé wọ́n ṣì wà bí wọ́n ṣe wà.

Ohun tí omi ń ṣe nìyí, torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹnjiníà kàn ń ṣakọ ni. Àpò sìmẹ́ǹtì 50 kílò kan, omi bíi lítà 25 ló máa ń tó o. Nínú ẹ̀, bí ìdajì péré ni sìmẹ́ǹtì máa mu kó fi le, ìyókù wà níbẹ̀ kí ọwọ́ lè rò ó ni. Gbogbo omi tẹ́ ẹ bá tún dà lé e, ó máa gbẹ lọ ni, àyè tó fi sílẹ̀ á di ihò wínníwínní tójú ò rí, agbára kọnkéré á já wálẹ̀, òjò á gba inú ihò yẹn wọlé, irin á dípẹtà, irin tó bá dípẹtà á wú, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í la kọnkéré láti inú. Ó lè gba ọdún mẹ́wàá o, ó lè gba ogún. Ẹni tó da omi yẹn ò ní sí níbẹ̀ mọ́, ayálégbé tí ò mọ̀dí ló máa wà lábẹ́ ẹ̀.

Kò sí ìkankan nínú èyí tó jẹ́ pé Manchester ni mo ti kọ́ ọ. Kóònù yẹn gan-an, lábù polí n'Ìbàdàn ni mo ti kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Láti 1978 la ti ní NBRRI, ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba lórí ilé àti títì, àwọn ló ń ṣiṣẹ́ lórí búlọ́ọ̀kù tí wọ́n ń fi ilẹ̀ pupa àti sìmẹ́ǹtì díẹ̀ tẹ̀, èyí tí ooru ò fi bẹ́ẹ̀ mú nínú ẹ̀ bíi ti búlọ́ọ̀kù iyanrìn. Lọ́dún 2014, SON, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìdíwọ̀n ọjà ní Nàìjíríà, sọ ọ́ ní gbangba pé sìmẹ́ǹtì 32.5 (nọ́ńbà yìí ló ń sọ bó ṣe lágbára tó), fún rírẹ́ ògiri nìkan ni, pé 42.5 ni kí wọ́n máa fi da òpó àti dẹ́kìn, òun náà ni kí wọ́n máa fi ṣe búlọ́ọ̀kù. Ẹ wá lọ bi ẹni tó ń yọ búlọ́ọ̀kù létí ọ̀nà pé èwo ló ń lò, á ní "sìmẹ́ǹtì ni sìmẹ́ǹtì jàre." Mi ò bá a wí, torí kò sẹ́ni tó wá bá a níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ kó ṣàlàyé fún un. Nílé, ìmọ̀ wà ní lábù, ó wà nínú ìwé, ó wà lórí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wa, àmọ́ kò sí ọ̀nà tó ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Bàbá bíríkìlà. Àwa ẹnjiníà kékeré tó yẹ ká jẹ́ ọ̀nà yẹn, ẹni tó ń sanwó fún wa gan-an ló yẹ ká lè sọ pé rárá fún, a ò sì lè sọ ọ́.

Ohun tó yàtọ̀ níbí nìyẹn. Ọmọ ọdún méjìlélógún yẹn kì í ṣe ọmọọṣẹ́ kọngílá, kì í ṣe ọmọọṣẹ́ àwọn tó ta kọnkéré, lábù tó dá dúró ló rán an wá. Tó bá gba èyí tí ò dáa, orúkọ tiẹ̀ ló wà nínú ìwé. Nígbà tí mo wà nílé, èmi nìkan ló ń gbé káliípà wá láti fi wọn irin, irin tí wọ́n tà fún wa pé ó jẹ́ 12 mílímítà, ó ń wọn 10.8, mo sọ fún onílé, onílé ní ṣé kí òun dá a padà ni, ta ló máa san owó ọkọ̀?

Ẹ má rò pé mò ń sọ pé òyìnbó gbọ́n jù wá lọ o. Òfin ibí, òkú èèyàn ni wọ́n fi kọ ọ́. Ní 1968, ilé alájà 22 kan ní ìlà oòrùn London, Ronan Point, gáàsì bú ní àjà kejìdínlógún láàárọ̀ kùtù, igun ilé yẹn látòkè délẹ̀ já wálẹ̀ bíi káàdì, èèyàn 4 kú, oṣù díẹ̀ ni wọ́n tíì kó wọlé. Látàrí ẹ̀ ni wọ́n ṣe òfin pé ilé gíga gbọ́dọ̀ dúró tí apá kan bá tiẹ̀ já. Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀ náà, ní June 2017 Grenfell, ilé gíga kan ní London, jóná, èèyàn 72 kú, torí ohun tí wọ́n fi bo ara ilé yẹn kó lè rẹwà kó sì má tutù, iná ń jó o bí epo. Àwọn tó ń gbébẹ̀ ti ń pariwo nípa ewu iná tipẹ́, wọn ò dá wọn lóhùn. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó ṣe òfin Building Safety Act ti 2022, tí ilé tó bá ga tó mítà 18 tàbí tó ní àjà 7, tí èèyàn ń gbénú ẹ̀, gbọ́dọ̀ ní ìwé tó ń tẹ̀ lé e kiri, pé kí ni wọ́n fi kọ́ ọ, ta ló kọ́ ọ, kí ni wọ́n yí padà.

Tí mo bá wo ìwé yẹn, Ìta Fáàjì l'Ékòó ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, March 2019, ilé tó wó, àwọn ọmọ iléèwé tó wà lókè ẹ̀. Àti Ìkòyí, November 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ṣì ń kọ́ lọ́wọ́ wó, èèyàn tó lé ní ogójì kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ lébírà bíi tàwọn tá a jọ máa ń jẹ ìrẹsì ọjọ́ dẹ́kìn. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ dìde, àwọn ìgbìmọ̀ kọ ìwé. Mo bèèrè lọ́wọ́ àwọn tá a jọ kàwé tó ṣì wà lórí sáìtì, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ìwé yẹn dé ọwọ́ ẹ̀.

Nǹkan míì tó máa ń gún mi lọ́kàn ni ẹrù. Àpò sìmẹ́ǹtì ibí, 25 kílò ni, torí wọ́n ṣírò pé tó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ á máa ba ẹ̀yìn ọkùnrin jẹ́. Tilé, 50 kílò, orí ni wọ́n fi ń rù ú, lórí àtẹ̀gùn pákó, láìsí bàtà gidi. Àwọn ìyá tó ń ru omi àti iyanrìn fún wa n'Ìbàdàn ńkọ́? Òmíràn pọn ọmọ sẹ́yìn. Níbí ẹ̀rọ ló ń gbé e sókè. Mo máa ń rántí ọrùn wọn.

Ibi tí mo ti wá rí i pé àwa náà nílé ní ohun tí wọn ò ní níbí ni ọ̀rọ̀ ilé gbígbé. Flat ni mo rà, nínú ilé alájà mẹ́jọ. Mo sọ pé mo rà á, àmọ́ ilẹ̀ kì í ṣe tèmi, ọdún 125 ni wọ́n fún mi, bíi C of O wa tó máa ń jẹ́ ọdún 99 lábẹ́ òfin ilẹ̀ 1978. Lọ́dọọdún mo ń san owó tó lé ní £2,000 fún kọ́ńpánì tó ń bójú tó ilé, wọ́n á kọ ohun tí wọ́n ná an sí ní ẹyọ ẹyọ, owó iná pàlọ̀, owó ìnu wíńdò, ìyẹn dáa gan, torí nílé akápò wa kàn máa ń sọ fún wa lẹ́nu ni, ìjà sì máa ń bẹ́ sílẹ̀. Àmọ́ nígbà tí lífìtì bà jẹ́, ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ló fi wà bẹ́ẹ̀. Òfin ni pé tí àtúnṣe bá máa ná flat kan ju £250 lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà, kí wọ́n dúró fún ọgbọ̀n ọjọ́, kí wọ́n tún kọ òmíràn, kí wọ́n tún dúró. Wọ́n ṣe é kí wọ́n má bàa rẹ́ wa jẹ, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ìyá àgbà kan wà ní àjà keje tí kò lè sọ̀kalẹ̀, ọdún mẹ́ta ni mo sì ti lò nínú ilé yẹn láìmọ orúkọ wọn.

N'Ìbàdàn, ní èstéètì wa l'Ápàta, tíránsífọ́mà jó lọ́jọ́ Mọ́ńdè, tó fi máa di Sátidé alága ti pe mítìn sábẹ́ igi máńgòrò, akọ̀wé ti kọ orúkọ ilé kọ̀ọ̀kan, àwọn tí ò sanwó, Alága fúnra wọn á lọ kanlẹ̀kùn, "Ìyá Ìbejì, ẹ ò ní fi wá sínú òkùnkùn o." Ọ̀sẹ̀ méjì, iná dé. Ìdí tí a fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀ ò dáa, owó tó yẹ kí ìjọba tàbí ilé iṣẹ́ iná san la ń san, àmọ́ a mọ bí wọ́n ṣe ń kó èèyàn jọ. Kọ́fátì, afárá kékeré tí omi ń gba abẹ́ ẹ̀ kọjá, tó wà lẹ́nu géètì, èmi ni mo ya á, ẹnì kan mú sìmẹ́ǹtì wá, ẹnì kan mú irin.

Nígbà tí wọ́n wá sọ pé ara ilé wa níbí náà ní nǹkan tó lè gbiná, tí wọ́n ní kí àwọn kan máa rìn káàkiri pàlọ̀ tọ̀sán tòru kí wọ́n lè jí wa tí iná bá ṣẹlẹ̀, tí owó ẹ̀ sì wọlé sára owó ọdọọdún wa, àwọn èèyàn kàn ń bínú nínú yàrá oníkálukú. Mo ní rárá o. Mo mú ìwé, mo lọ ń kanlẹ̀kùn bí Alága wa ṣe máa ń ṣe. Òfin kan wà láti 2002 tó fún ìdajì àwọn flat lágbára láti gba ìṣàkóso ilé wọn láì tiẹ̀ jẹ́ pé wọ́n fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. A dé ìdajì yẹn láàárín oṣù kan ààbọ̀. Ìyá àjà keje ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. A ṣe mítìn àkọ́kọ́ ní ibi ìgbọ́kọ̀sí, òtútù ń mú, ẹnì kan se tíì wá, mo dúró síbẹ̀ ó ń ṣe mí bíi pé mo wà lábẹ́ máńgòrò.

Àbúrò mi ń kọ́lé lọ́wọ́ ní Mọníyà báyìí. Mo yàwòrán kóònù yẹn ránṣẹ́ sí i: ìsàlẹ̀ 200 mílímítà, òkè 100, gíga 300. Wẹ́lídà àdúgbò jó o, ó tún jó móòdù mẹ́fà fún un láti fi da kúùbù kọnkéré onímílímítà 150 tí lábù máa fọ́ láti mọ agbára ẹ̀. Lọ́jọ́ dẹ́kìn, mo wà lórí WhatsApp látàárọ̀, lórí ìsinmi tí mo gbà níbi iṣẹ́, àbúrò mi di fóònù mú, bíríkìlà, àgbà bàbá ni wọ́n, ń wo kóònù náà bí ìgbà tí wọ́n gbé àlejò wọlé. Ìpele mẹ́ta, ẹ gún un ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀dọ́gbọ̀n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́ tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo ní "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi dín omi yẹn kù, màá fi owó kún tàwọn ọmọ torí pé ó máa le lọ́wọ́." Wọ́n dín in kù. Ẹ̀ẹ̀kejì wálẹ̀ sí 120. Bàbá gba rúlà lọ́wọ́ àbúrò mi, wọ́n wọ̀n ọ́n fúnra wọn.

Wọ́n ti fọ́ kúùbù mẹ́ta ní lábù lẹ́yìn ọjọ́ méje, agbára ẹ̀ jẹ́ 16 N/mm², 25 là ń lépa tó bá di ọjọ́ 28, ó wà lójú ọ̀nà. Mẹ́ta tó kù ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀mù omi lẹ́yìn ilé títí ọjọ́ 28 fi máa pé, Tọ́sìdeè ni wọ́n ń gbé e lọ. Bàbá pe àbúrò mi lánàá, wọ́n ní kó má gbàgbé láti pe àwọn náà tí wọ́n bá fẹ́ lọ fọ́ ọ.